Bàtà Ọ̀tún Mẹ́rin

Òwú pupa kan lẹ̀ mọ́ etí ìró Safourath. Samsoudine rí i. Ó fi ìka méjì mú un, ó sì ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lára ọmọ tó sùn. Òwú náà jáde tán, àmọ́ ọwọ́ kò kúrò. Ó dúró sí ìsàlẹ̀ orúnkún òsì, níbi tí ìró ti pẹlẹbẹ, níbi tí ẹsẹ̀ Safourath parí sí. Safourath mí lẹ́ẹ̀mẹta kí ọwọ́ náà tó gbéra.

“Òwú ni,” Samsoudine wí.

“Mo rí i.”

Ilẹ̀kùn àtẹlíyè, yàrá kékeré tí Safourath ti ń ránṣọ, ṣí sílẹ̀ gbayawu sí ojú ọ̀nà Bantè. Alùpùpù ń kọjá. Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ ń ru igi kọjá. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan, nítorí kò sí nǹkan kan láti rí. Ọkùnrin yọ òwú lára aṣọ obìnrin tó fẹ́ gbé níyàwó, ṣé ìyẹn náà lọ̀rọ̀? Síbẹ̀, nígbà tí Samsoudine dágbére tó lọ, tí Safourath padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, abẹ́rẹ́ gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Ó tú u, ó tún un rán. Abẹ́rẹ́ tún gba ibẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Bantè ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ló ti gba òmìnira. Bàbá rẹ̀ dáko kajú lápá Akpassi títí tó fi kú. Ìyá rẹ̀ ti ṣáájú bàbá lọ, àbúrò ìyá, Tantí Sétou, ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Safourath ń bọ̀ láti Tchetti lẹ́yìn alùpùpù akérò kan, ó gbé aṣọ tó rà sí àyà. Kí wọ́n tó dé Savalou, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá wọn. Aṣọ náà kò ya. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni wọn kò rí gbà là.

Olùkọ́ kan wà tó ń fẹ́ ẹ nígbà yẹn. Ó wá kí i nílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní kí wọ́n bá òun kí i. Àwọn ọkùnrin yòókù kò ṣe é níbi. Wọ́n kàn ń fi ohùn tí wọ́n fi ń kí arúgbó kí i ni. Wọ́n á wo ojú rẹ̀, wọ́n á sì di ojú tiwọn mú síbẹ̀ bí ẹni di ewúrẹ́ mú, kó má bàa já lọ sísàlẹ̀.

Samsoudine kò di ojú tirẹ̀ mú. Bàtà àlòkù ló ń tà láàárín ọjà Bantè àti ti Savalou. Lóṣù mọ́kànlá sẹ́yìn ló wá pé kí Safourath rán àpò ńlá méjì fún òun. Ọjọ́ tó wá gba àpò, ó wo ìsàlẹ̀ orúnkún yẹn, ó wò ó dáadáa, kò yíjú.

“Ṣé ó ṣì ń dùn yín?” ló béèrè.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé e, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn kí ojú onítọ̀hún má sá lọ síbòmíràn. Nígbà tí ọkùnrin náà gbé àpò rẹ̀ lọ tán, Safourath ti ilẹ̀kùn, ó sunkún. Kò mọ̀ bóyá ìbànújẹ́ ni. Láti ìgbà náà, bó bá gbọ́ ohùn Samsoudine lẹ́nu ọ̀nà, kì í fa ìró sílẹ̀ bò ó mọ́.

Gbogbo Bantè ló ń bá a yọ̀. Wọ́n ní Ọlọ́run kò sùn. Wọ́n ti fi yìgì sí ọjọ́ Àlàádì tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n Àlàmísì ló ṣáájú Àlàádì, Safourath sì ní ràǹdéfú, àdéhùn tí kò ṣeé yẹ̀, lọ́jọ́ Àlàmísì. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń dúró de ọjọ́ náà. Ní ilé ìtọ́jú kan ní Savalou, wọ́n ti wọn kùkùté ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti mọ àwòṣe rẹ̀, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sì ti ṣe tán. Ó kù kó lọ wọ̀ ọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ fún Samsoudine, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé mo ráhùn ni?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Safourath bí oyin. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Tantí Sétou, ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Kafayath tó ń dirun ní yàrá kejì sí tirẹ̀. Ìgbà kejì tó sọ ọ́, Samsoudine ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa bó èèyàn lára. Ìgbà kẹta, ó ní bàbá kan ní Bobè gbà á, àmọ́ adìẹ ló ń fi í lé. Safourath rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà kẹrin, Samsoudine dìde lórí àga. Ó kọjú sí ìta. Ìgbà yẹn ni oyin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kan.

Ní ọjọ́ Àtàláátà, ọjọ́ kejì tí Samsoudine yọ òwú, fàlísì ìyàwó, àpótí ẹrù tí ọkọ fi ránṣẹ́, dé. Àwọn obìnrin ilé ọkọ gbé e wá lẹ́yìn ìrun alásàárì. Wọ́n jẹun, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n lọ. Àṣà ni pé kí ará ilé ìyàwó tú u wò lẹ́yìn wọn, kí wọ́n lè mọ irú ọkọ tó ń bọ̀. Tantí Sétou ló ṣí i, Kafayath sì jókòó tì í, nítorí Kafayath kì í gbọ́ ìró fàlísì kó má yọjú. Tantí kó aṣọ jáde, ó fọwọ́ pa wọ́n lójú. Ó na ìborùn. Ó gbóòórùn ọṣẹ. Ó débi bàtà.

Ó mú ọ̀kan jáde, aláwọ̀ ewé, tó ní òdòdó yẹ́lò lórí. Ó mú òmíràn, dúdú. Ó mú òmíràn, funfun, ti ọjọ́ yìgì. Ó mú ìkẹrin, pupa. Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ fàlísì, tó ń fọwọ́ wá káàkiri bí ẹni tó ń wá ẹyin lábẹ́ adìẹ.

“Àwọn ìkejì wọn dà?”

Kafayath tẹjú mọ́ bàtà náà. “Tantí, ẹ wò wọ́n dáadáa. Ọ̀tún ni gbogbo wọn.”

Tantí gbé wọn sójú ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, Tantí Sétou pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Háà! Ọkùnrin yìí gbọ́n! Ẹlòmíì á ra méjì, á fi ọ̀kan ṣe oúnjẹ eku. Safou, ọkọ rẹ ti wọ̀n ọ́ láìfi téèpù kàn ọ́!”

“Kí Ọlọ́run fún mi ní irú rẹ̀ o,” Kafayath wí. “Ọkọ tèmi, bí ẹ bá bi í, kò mọ̀ bóyá mo ní ẹsẹ̀.”

“Tìrẹ, ẹnu rẹ ló mọ̀. Kò rí àyè wo ìyókù.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Safourath náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára bàtà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n tò sórí ẹní, tí gbogbo wọn kọ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Samsoudine mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì ń bọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òun sọ fún un. Aránṣọ ni Safourath, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti gé aṣọ ti pinnu.

Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó ṣàkíyèsí pé Kafayath kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti gbé bàtà aláwọ̀ ewé náà sókè, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ òdòdó orí rẹ̀.

“Mo ti rí òdòdó yìí rí.”

“Lórí igi ni,” Tantí Sétou fèsì.

“Mi ò ṣeré, Tantí. Savalou ni. Ṣáájú òjò ọdún tó kọjá, mo bá oníbàárà mi kan tó wà ní ìjọ aláṣọ funfun lọ gba sùtánà rẹ̀. Obìnrin kan ló ń rán an, Joséphine ni wọ́n ń pè é. Irú bàtà yìí gan-an ló wọ̀. Èyí tó jẹ́ ti òsì.”

“Ti ọ̀tún rẹ̀ ńkọ́?”

Kafayath gbé bàtà náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Kò ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, Tantí.”

Ní ọjọ́ Àlàrùba, Safourath kò rán ju ọwọ́ aṣọ kan lọ. Ó ń gbọ́ alùpùpù kọ̀ọ̀kan tó bá rọra lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń rò pé Samsoudine ni. Samsoudine kò wá. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ọjà Savalou ni òun wà títí di Jímọ́ọ̀. Safourath mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ń dẹtí.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe obìnrin kejì. Ìyẹn ní orúkọ. Bàbá rẹ̀ gan-an fẹ́ ìyàwó méjì, wọ́n sì jọ ń gúnyán pa pọ̀. Èyí kò ní orúkọ. Bí ó bá gbìyànjú láti sọ ọ́ sí ara rẹ̀ létí, ọ̀rọ̀ náà á yọ̀ bọ́. Ọkùnrin kan rèé tó rí ohun tí gbogbo ayé ń yíjú kúrò lára rẹ̀, tó sì wò ó bí ohun rere. Ìyẹn ló jí òun dìde. Ṣé ìyẹn náà ló wá fẹ́ pa òun? Bó bá jẹ́ pé ibi tí ẹsẹ̀ kò sí ni ọkùnrin náà ń bẹ̀ wò láti oṣù mọ́kànlá, ta ni òun tó ń dá a lóhùn? Ta ló ń se ọbẹ̀ dè é? Nígbà mìíràn èrò mìíràn á wọlé, èrò wèrè, pé ẹni tó fẹ́ràn ẹsẹ̀ kan tí kò sí, ṣé kò ní í fẹ́ràn kí méjèèjì má sí jù ú lọ? Ó rí i pé òun ti fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, pé òun ti fi í pamọ́ sábẹ́ àga. Ojú ti í. Ó tún fà á jáde.

Tantí Sétou wá jókòó tì í nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀. Ó ti gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́ tán.

“Safou, gbọ́ mi. Ọkùnrin kan fẹ́ràn èjí. Òmíràn fẹ́ràn obìnrin tó sanra bí ìkòkò àmù. Ọkọ mi tó kú, ọrùn mi ni. Ó ní ìlà mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi, ó máa ń kà á. Ǹjẹ́ mo bi í pé bí kò bá sí ìlà ńkọ́?”

“Tantí, wọ́n bí ìlà yẹn mọ́ yín ni.”

“Ẹn-ẹn.”

“Èmi, ọkọ̀ ló gbá mi.”

Tantí Sétou gbá eruku tí kò sí lórí itan rẹ̀ dànù.

“Àwọn ìyókù ń fẹ́ ohun tó wà lára obìnrin,” Safourath wí. “Tèmi ń fẹ́ ohun tí kò sí.”

“Tìrẹ ń fẹ́ ọ. Ìyókù, àlàyé ni. Ọmọ, ọdún mẹ́rin ni mo fi gbàdúrà kí ẹnì kan wọlé wá. Ẹnì kan ti wọlé. Má máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ra iṣu.”

“Ẹni tó ra iṣu náà ń wò ó bóyá inú rẹ̀ ti jẹrà, Tantí.”

Nígbà tí Tantí Sétou dìde, ó bọ́ bàtà rẹ̀ tó ń wọ̀ lọ ilé kéú, pẹlẹbẹ, tó ní ìdè lẹ́yìn, ó tì í sẹ́bàá ẹ̀rọ ìránṣọ. Ilé ìtọ́jú ti ní kí Safourath mú bàtà méjèèjì dání, ó sì ti pẹ́ tí kò ní irú rẹ̀ mọ́.

“Máa mú un lọ. Ẹsẹ̀ wa dọ́gba.” Ó dúró díẹ̀. “Mi ò sọ pé kí o má lọ gbà á. Mo ní kí o má bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ máa lé e lọ.”

Àárọ̀ Àlàmísì, Safourath sọ fún Tantí Sétou pé òun máa kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Joséphine, ó sì wọ ọkọ̀ láti Bantè dé Savalou. Ó bèèrè ilé aránṣọ sùtánà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Ẹni kẹta ló nawọ́ sí ilé tí wọ́n sá aṣọ funfun sí iwájú rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń wọ inú apá wọn. Kó tó kan ilẹ̀kùn, obìnrin kan tó tó ọmọ ogójì ọdún jáde wá. Ẹsẹ̀ méjì ló fi rìn wá. Safourath rò pé òun ṣi ilé.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Joséphine tó ń rán sùtánà ni mò ń wá.”

“Òun ló ń wò ọ́ yìí.” Obìnrin náà wo ọ̀pá tí Safourath tì bọ abíyá, ó sì mí kanlẹ̀. “Ṣé sùtánà lo fẹ́, àbí Samsoudine?”

Safourath di ọ̀pá rẹ̀ mú ṣinṣin.

“Wọlé. Má bẹ̀rù. Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan máa wá lọ́jọ́ kan.”

Ó gbé àga fún un, ó bu omi fún un. Nígbà tó jókòó, ó ká etí ìró rẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń dán, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ju ti òsì lọ.

“Àtọ̀gbẹ ló mú tèmi lọ. Tìrẹ ńkọ́?”

“Ọkọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ Àlàádì ni wọ́n máa so yìgì wa.”

“Mo gbọ́. Ọjà Savalou kì í pa àṣírí mọ́.”

“Ṣé ó nà yín ni?”

“Samsoudine? Kò na eṣinṣin rí.”

“Ṣé ó purọ́ fún yín?”

“Kò purọ́. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Mo bi í, ó sọ fún mi.” Joséphine mú aṣọ funfun kan sórí itan, ó ń tú òwú létí rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. “Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní Akpassi, ìyá kan wà ní agbo ilé wọn tí kò ní ẹsẹ̀ kan. Bí ìyá náà bá fẹ́ dìde, èjìká òun ló ń fọwọ́ tì. Ó ní kò sí ibòmíràn láyé tí òun ti wúlò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá di ọkùnrin, ó rí i pé ojú òun kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ ìyàwó fún un, ọmọge rere, ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Kò ṣeé ṣe. Ó ní bí òun bá wo obìnrin tí ara rẹ̀ pé, ńṣe ló dà bíi pé ó ti kún jù, pé kò sí àyè fún òun níbẹ̀. Ọmọge náà kó ẹrù rẹ̀.”

“Ẹ̀yin wá ńkọ́? Wọ́n bá bàtà aláwọ̀ ewé kan nínú fàlísì mi, ọ̀tún nìkan.”

“Èmi? Inú mi dùn fún ọdún méjì. Ó mú bàtà yẹn wá fún mi, aláwọ̀ ewé. Mo ní ọ̀tún rẹ̀ ńkọ́, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ó ní òun máa tọ́jú rẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín tí kò jìnnà. “Ó ti ní bàtà rẹ nílé kó tó mọ orúkọ rẹ, àbúrò mi.”

Safourath gbé ife omi sílẹ̀.

“Ọjọ́ tí mo wọ ẹsẹ̀ yìí, ó wá. Ibi tí o jókòó sí yìí ló jókòó sí. Ó ń wò ó bí ẹni tó wá kí ọ̀fọ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n máa bọ́ ọ bí òun bá ń bọ̀. Mo gbà. Bó bá dé, mo bọ́ ọ. Bó bá lọ, mo wọ̀ ọ́. Ó ń dé, mò ń bọ́, ó ń lọ, mò ń wọ̀. Ọjọ́ kan, mò ń se ọbẹ̀, ó wọlé, mi ò bọ́ ọ.”

“Kí ló ṣe?”

“Ó jẹun. Ó dúpẹ́. Kò wá mọ́.”

Ẹnì kan kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó kí Joséphine lédè Mahi, òun náà sì dá a lóhùn lédè Mahi, pẹ̀lú ẹ̀rín, bíi pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà. Nígbà tí ẹni náà lọ tán, Safourath rọ ohùn sílẹ̀.

“Ṣé ẹ máa ń rántí rẹ̀?”

“Ẹni mélòó ló ti fọwọ́ kan ibẹ̀ lára rẹ bí ohun rere? Dókítà kò fọwọ́ kan tèmi bẹ́ẹ̀. Èmi alára kò fọwọ́ kàn án bẹ́ẹ̀ rí.” Joséphine gé òwú pẹ̀lú eyín. “Mo máa ń rántí rẹ̀. Àmọ́ mi ò lè máa bọ́ ẹsẹ̀ fún ẹnì kankan mọ́.”

“Kí ni kí n ṣe?”

“Aránṣọ ni ọ́, aránṣọ ni mí. Èmi kì í gé aṣọ tí oníṣẹ́ mìíràn ti wọ̀n.”

Ní ilé ìtọ́jú, bàbá tó ń ṣe ẹsẹ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ wọ kùkùté ẹsẹ̀ náà, ó ti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá bọ̀ ọ́, ó fa ìdè rẹ̀, ó ní kí Safourath dìde. Irin méjì wà ní ọ̀tún àti òsì tí wọ́n máa ń dì mú. Ó dì wọ́n mú, ó gbé ìṣísẹ̀ kan. Ilẹ̀ dáhùn láti ibi tí kò ti dáhùn láti ọdún mẹ́rin. Ó dùn ún, ó ṣe é bí ẹni tí wọ́n fi iyọ̀ ra lójú egbò. Ó tún gbé òmíràn. Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà tó ti lọ tó sì bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bàbá náà gba ọ̀pá abíyá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún un ní ọ̀pá kékeré kan tí wọ́n ń fọwọ́ mú. Ó ní kó lọ sinmi lábẹ́ igi máńgò, kó má tíì bọ́ ọ.

Abẹ́ igi máńgò náà ni Samsoudine jókòó sí.

Fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Nígbà tó rí i, ó dìde, ó fẹ́ sáré wá dì í mú, ó sì dúró. Kò mọ ibi tí òun máa dì mú. Safourath rìn dé ìdí bẹ́ǹṣì fúnra rẹ̀, ó jókòó. Ọkùnrin náà jókòó sí ìpẹ̀kun kejì.

“Tantí Sétou ló pè mí. Wọ́n ní o lọ sọ́dọ̀ Joséphine.”

“Mo lọ.”

“Obìnrin dáadáa ni.”

“Òun náà sọ bẹ́ẹ̀ nípa yín.”

Obìnrin kan ń gbá àgbàlá, ewé máńgò ń sá níwájú ìgbálẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ní ìbéèrè kan. Ẹ má tètè dáhùn. Bí ọkọ̀ yẹn kò bá gbá mi lọ́nà Tchetti, bí mo bá délé pẹ̀lú aṣọ mi àti ẹsẹ̀ mi méjèèjì, tí ẹ wá rán àpò lọ́dọ̀ mi, ṣé ẹ̀ bá padà wá lẹ́yìn tí ẹ ti gba àpò?”

Samsoudine yí fìlà náà po lọ́wọ́. Ó yí i po dáadáa, bí ẹni tó ń wá ẹnu rẹ̀.

“Mi ò mọ̀,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Mo lè purọ́ fún ọ. Mi ò mọ̀, Safou.”

“Ṣé inú yín dùn pé ó gbá mi?”

“Ásítáfúrúlài!” Ó fò dìde. “Safou! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọjọ́ tí o sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi, mi ò lè jẹun.” Ó wo obìnrin tó ń gbálẹ̀, ó rọ ohùn sílẹ̀, ó tún jókòó. “Mi ò pe nǹkan yìí wá. Inú ara mi ni mo ti bá a. Mo ti gbààwẹ̀ sí i. Mo lọ bá àlùfáà kan, mo fẹ́ sọ fún un, ẹnu mi kò gbà á. Mo ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ó fún mi ní àdúrà ẹ̀yìn.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Safourath. Ó gé e mọ́ ẹnu.

“Ṣé ó ṣiṣẹ́?”

“Ẹ̀yìn kò dùn mí rí láti ọjọ́ náà.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó sì dà bí ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín nínú àtẹlíyè. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù. Bó bá jẹ́ ọkùnrin burúkú ni, ọ̀nà ì bá ti là.

“Ṣé ibẹ̀ nìkan ni, ẹ̀gbọ́n?”

“Rárá o. Ohùn rẹ. Bí o ṣe máa ń bú abẹ́rẹ́ bó bá ṣẹ́. Ọbẹ̀ rẹ tí iyọ̀ kì í tó.” Ó nu ojú. “Gbogbo rẹ̀ ni. Àmọ́ ibẹ̀ lẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá dí ẹnu ọ̀nà, mi ò mọ ibi tí mo máa gbà wọlé dé ọ̀dọ̀ rẹ.”

Safourath gbé ọwọ́ lé orúnkún òsì. Ó ń lù kìkì nísàlẹ̀ ìdè.

“Bí mo bá wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Àlàádì, ṣé ẹ máa wá síbi yìgì?”

“Màá wá. Wallahi, màá wá.”

“Lọ́jọ́ Àtìní ńkọ́?”

Samsoudine la ẹnu. Ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó dé ibi tó mọ̀, kò bá a níbẹ̀. Ojú náà rìn yí ìdè ká, ó rìn dé ọrùn ẹsẹ̀, ó gòkè padà, ó ń wá ibi tó máa bà sí bí ẹyẹ tí wọ́n gé igi rẹ̀. Nígbà tó dé ojú Safourath, omi ti kún un.

“Jọ̀wọ́,” ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju mímí lọ. “Bọ́ ọ díẹ̀. Díẹ̀ péré. Kí n lè rí ọ.”

Ewé ń sá níwájú ìgbálẹ̀. Safourath wo ọkùnrin náà pẹ́. Ó wo orí rẹ̀ tó ti ń fi ewú hàn, ó wo ọwọ́ rẹ̀ lórí fìlà, ọwọ́ tó ń rọra ṣe ohun gbogbo. Ó na ọwọ́ sí i, ó gba fìlà náà, ó tẹ́ ẹ dọ́gba, ó sì dé e fún un lórí bó ṣe yẹ kó wà.

Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀pá kékeré tilẹ̀, ó dìde. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà yẹ̀ díẹ̀, ó dúró.

“Safou.”

Ó ti yí ẹ̀yìn padà. Ó gbé ọ̀pá, ó gbé òsì, ó gbé ọ̀tún. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ dúró kó lè kọjá, ó kí i, ó sì dá a lóhùn. Ó dé ẹnu géètì, ó di igi rẹ̀ mú títí ara rẹ̀ fi balẹ̀, ó sì bọ́ sí ojú títì láàárín àwọn alùpùpù, ó ń lọ, láìyára.